Lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù lórí Sáà Bọ́ọ̀lù Agége ní Ọdún 2017

Sí gbogbo ará ilé ní Agége, Ọ̀gbà, Àgídíngbì àti Ìkẹjà, pàápàá jù lọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba òpópónà Ọba Akran lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ohun tí lẹ́tà yìí dá lé lórí ni sáà líìgì bọ́ọ̀lù àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2017, tí ó sì parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Nínú sáà yẹn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí ó fi Agége ṣe ilé ti ṣe ipò kejì ní gbogbo Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ọ̀hún já kúrò nínú líìgì àgbà pátápátá. Ọmọ àdúgbò náà tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì fẹ́ fi lọ àwọn ará ilé: ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí àdúgbò kò ní ìpín nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó, àlejò ni ní àdúgbò náà, ìgbàkígbà ni àlejò sì lè dìde kí ó máa lọ.

Líìgì ni ìdíje tí gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín sáà kan, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn odi. Ẹgbẹ́ 20 ni ó kópa ní ọdún 2017, nítorí náà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ó kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí a gba àmì 3, àwọn tí ó bá ta ọ̀mì a gba àmì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá pàdánù a sì lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn méjì tí ó bá ṣáájú nínú tábìlì ni yóò ṣojú Nàìjíríà nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn mẹ́rin tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá yóò sì já sí ìpele kejì. Jíjá wálẹ̀ yìí, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pè ní rẹlẹgéṣọ̀n, kì í dá lọ, nítorí ó máa ń kó owó, orúkọ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó dára dání lọ.

MFM FC ni ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìjọ Mountain of Fire and Miracles Ministries, tí Dókítà Daniel Olukoya jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2007 gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ tí ìjọ náà ń ṣe láàárín àwọn ọ̀dọ́, ọdún 2016 ni ó sì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àgbà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Èkó, pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, kò fi ní ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. Pápá ìṣeré Agége, tí ó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n ń lò bí ilé. Pápá náà kò tóbi, kò gbà ju nǹkan bí ènìyàn 4,000 lọ, ṣùgbọ́n kékeré rẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀, nítorí pé àwọn òǹwòran súnmọ́ etí pápá débi pé agbábọ́ọ̀lù tí ó wá láti ìlú mìíràn ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí nípa rẹ̀, koríko àtọwọ́dá tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ sì ń mú kí bọ́ọ̀lù sáré ju bí ọ̀pọ̀ àlejò ti rò lọ.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà, ìyẹn ẹni tí ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó sì ń pinnu bí wọn yóò ṣe gbá a, ni Fidelis Ilechukwu, àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò tíì rìn jìnnà ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Sikiru Olatunbosun gbá ayò kan wọlé ní Agége nígbà tí El-Kanemi Warriors láti Máídúgùrí wá ṣe àlejò, ayò náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn CNN fi kà á mọ́ àwọn tí ó ń díje fún ayò tí ó rẹwà jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Láti orí fóònù kan sí òmíràn ni àwòrán rẹ̀ ti ń lọ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ó jẹ́ pé Arsenal àti Chelsea ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn láti oṣù Kẹjọ títí di oṣù Karùn-ún. Stephen Odey ní tirẹ̀ gbá ayò 18 wọlé kí ẹgbẹ́ FC Zürich ní Switzerland tó rà á ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí sáà kò tíì parí. Ìgbà tí ó lọ tán ni Anthony Okpotu ti Lobi Stars fi ayò 19 kọjá rẹ̀. Plateau United láti Jọ́ọ̀sì ni ó gba ife, MFM sì tẹ̀ lé e.

Ipò kejì yẹn ni ó gbé bọ́ọ̀lù Áfíríkà wá sí Agége ní ọdún 2018. AS Real Bamako láti Màlì ta ọ̀mì 1–1 pẹ̀lú MFM nílé wọn, wọ́n sì pàdánù pẹ̀lú 1–0 ní Agége. MC Alger láti Àlùgèríà náà wá, Agége sì nà wọ́n pẹ̀lú 2–1, kí àwọn náà tó fi 6–0 gbẹ̀san ní ìlú wọn. Kò sí ìtìjú nínú àbọ̀ yẹn. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe sáà kẹta rẹ̀ nínú líìgì àgbà ni ó borí ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó lórúkọ jù lọ ní Àríwá Áfíríkà, pápá tí ó ti borí wọn kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró.

Nígbà tí yóò fi di òpin sáà 2021/2022, MFM wà lára àwọn mẹ́rin tí ó já wálẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó ṣe iṣẹ́ ọdún 2017 ti fọ́n ká, Ilechukwu fúnra rẹ̀ sì ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, níbi tí ó ti gba ife líìgì fún Rangers ti Enugu ní sáà 2023/2024. Agége kò ṣe aláìní ìmọ̀ nígbà náà, kò sì ṣe aláìní ẹ̀bùn. Ohun tí ó ṣàìní ni ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ìpàdé kankan tí ará Agége lè lọ, kò sí ìbò tí ó lè di, kò sí ìwé ìṣirò owó tí ó lè ní kí wọ́n ṣí fún òun. Ìjọ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó ná owó rẹ̀ sórí ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún púpọ̀, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀yìn wá. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni ó ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá kí ìpínlẹ̀ Èkó tó dáyé ní ọdún 1967, Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní ọdún 1962, Cadbury àti Dunlop sì wà lára àwọn tí ó sọ agbègbè náà di ibi tí ọmọ Yorùbá láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì ń wá iṣẹ́ wá. Láyé ìgbà yẹn, ilé-iṣẹ́ àti oníṣòwò ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ó lókìkí. Stationery Stores, tí olóyè oníṣòwò Israel Adebajo dá sílẹ̀, gba ife Challenge Cup ní ọdún 1967 àti 1968, ó sì gba ife líìgì ní ọdún 1992, kí àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ín tó sọ ọ́ di ìtàn. Leventis United ní Ìbàdàn gba ife líìgì ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín sì tú u ká ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Julius Berger, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọ̀nà, gba líìgì ní ọdún 1991 àti 2000. Lónìí, ọmọ ogún ọdún ní Ìkẹjà lè má mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ yẹn ní agbábọ́ọ̀lù rí. Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní ọdún 2008 lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ṣírò èrè àti àdánù, bí wọ́n sì ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ pa náà ni wọ́n ń ti ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù pa: a kì í bi àdúgbò léèrè.

Ẹnìkan lè fi Remo Stars ta ko ohun tí lẹ́tà yìí ń sọ, àtakò náà sì lágbára. Ní sáà 2017 kan náà tí Agége ṣe ipò kejì, Remo Stars wà lára àwọn tí ó já wálẹ̀, pẹ̀lú Shooting Stars ti Ìbàdàn. Ní sáà 2024/2025, Remo Stars ni ó gba ife líìgì Nàìjíríà, nígbà tí MFM kò sí nínú líìgì náà rárá. Ẹnìkan ṣoṣo, Kunle Soname, ni ó ni Remo Stars, nítorí náà kò ṣeé sọ pé olówó kan kò lè mú ẹgbẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ó kọ́ pápá sí Ìkẹ́nnẹ́, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dàgbà fún ẹgbẹ́ náà, débi pé ẹgbẹ́ náà ní ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀. MFM kò ní pápá tirẹ̀, ti ìjọba ni ó ń lò. Agége kò sì lè jókòó máa retí kí ẹlẹ́yinjú àánú mìíràn dé.

Ọ̀nà kejì wà, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbi tí a ti kọ lẹ́tà yìí ni ó sì ti hàn kedere jù lọ. Ní ọdún 2002, ìgbìmọ̀ tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn gba àwọn tí ó ni Wimbledon FC láàyè láti kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Milton Keynes, ìlú tí ó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òǹwòran, àwọn ènìyàn lásán tí wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, dá AFC Wimbledon sílẹ̀ ní ọdún yẹn gan-an, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí ó jẹ́ ti gbogbo wọn, nínú èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ mẹ̀kúnnù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín sáà mẹ́sàn-án, wọ́n sì wọ ìpele mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2011. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ní pápá Wembley, nígbà tí wọ́n fẹ́ gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, Adebayo Akinfenwa, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ni ó gbá pẹnáátì tí ó fi ìdí ayọ̀ náà múlẹ̀. Ní ọdún 2020 ni wọ́n padà sí òpópónà Plough Lane tí Wimbledon FC ti fi sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ohun tí àwọn ará Wimbledon ṣe yìí kò ṣàjèjì sí Ìkẹjà rárá. Ajẹṣẹ́kù ni, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń kó owó jọ. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1935, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ọ̀gbà tàbí Àgídíngbì tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń yọ owó díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù, bí a ṣe ń yan alága, akọ̀wé àti akápò, àti bí a ṣe ń ka ìṣirò owó sí etí gbogbo ènìyàn ní ìpàdé ọdọọdún. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé, tí wọ́n fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ni lẹ́tà yìí ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Agége sílẹ̀.

Kò lè bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìrìn àjò láti Agége dé Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, owó ọkọ̀, ilé ìsùn àti oúnjẹ fún ènìyàn bí ọgbọ̀n sì lè gbé àpò ajẹṣẹ́kù mì láàárín oṣù kan. Ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí ìrìn àjò kò ti gùn, ni ó tọ́ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ afárá àti nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Orílé Agége. Owó tí ọ̀dọ́ kan ń san ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ láti wo àwọn ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lórí tẹlifíṣàn lè sọ ọ́ di oníbò nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí ó wà ní òkè-òkun yóò san iye kan náà tí ará ilé ń san, ìbò kan náà ni wọn yóò sì ní, kí ó má baà di pé owó pọ́n-ùn ni yóò máa pàṣẹ ní Agége.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ìpàdé àkọ́kọ́ dáhùn: ta ni yóò kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èló ni ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa san lóṣù, kí sì ni wọn yóò sọ fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó nípa pápá Agége, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé Oníkàn ni Ìkòròdú City, ẹgbẹ́ Èkó tí ó wọ líìgì àgbà ní sáà 2024/2025, ti ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn dára fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru nílé-iṣẹ́ lè ráyè wá. Orúkọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà yìí wà nílẹ̀ fún ìwé ọmọ ẹgbẹ́, owó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.