Ọkọ̀ Tí A Ó Sùn Sí Ní Òṣogbo

Bí ọdún Ọ̀ṣun oṣù kẹjọ ṣe ń sún mọ́ yìí, àwọn kan ń wá dánfó àlòkù tí wọ́n ó tẹ́ ibùsùn sí. Ó dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tàn yín.

Dánfó Volkswagen àtijọ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. T4 tó jáde ní 1990, iwájú ni tirẹ̀ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bó bá ti dógùn-ún jẹ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Láti 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé.

Olórí ọ̀rọ̀ rèé: ẹ má tan ẹ́ńjìnnì sùn, ẹ má sì dáná nínú rẹ̀. Oró inú èéfín ò lóòórùn, ó sì lè pa odidi ìdílé lójú oorun. Fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí díẹ̀ ò tó gbà yín. Ògún là ń bẹ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ ọwọ́ wa náà la ó fi pa ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀ṣun á gbè wá o. Àṣẹ.