Tìmùtìmù Ìdí Ìbọn Kì Í Ṣe Ohun Ojo

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Yóò ní, "Kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ìbọn?" Ó kàn mí, nítorí pé èjìká tí ìbọn bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Nígbà tí wọn yóò sì fi gbé e dé, wọn á ti fi omi gbígbóná àti ìpara wọ́ ọ títí yóò fi wú bí búrẹ́dì.

Ilé ìgboògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí bárékè ṣójà Ọ̀jọ́. Láàárín àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ wa láti Ìbà, láti Òkòkòmáìkò àti láti ọjà Alábà, àwọn ṣójà tí ó ti fẹ̀yìntì kò kéré. Òmíràn nínú wọn ní oko lẹ́yìn Èkó, ó sì gba ìwé àṣẹ ìbọn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ọ̀yà má baà jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán. Ọ̀kan báyìí ni ìyàwó rẹ̀ fà wọlé sí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí ó bọ́ ẹ̀wù, mo rí i pé apá ọ̀tún rẹ̀, láti èjìká títí dé ìsàlẹ̀ díẹ̀, ti dúdú, ó sì wú.

Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣe yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan, ìyá nọ́ọ̀sì. Ìbọn ló ta mí nípàá díẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn, "Díẹ̀ kẹ̀! Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí ẹ kò lè fi ọwọ́ yẹn bu omi wẹ̀."

Mo bi í bóyá ó fi nǹkan kan sí ìdí ìbọn náà. Ó ní òun fi sí i. Ó gé táyà mọ́tò, ó fi ìṣó kàn án mọ́ igi ìdí ìbọn. Nígbà tí ó kọ́kọ́ fẹ́ ra tìmùtìmù rọ́bà gidi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni ọkùnrin tí ń fi tìmùtìmù yin ìbọn. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú. Ọ̀jọ́ ni a ń gbé, a kì í ṣe ojo; àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló ya méjèèjì. Láti ayé Ọbabìnrin Victoria ni àwọn Òyìnbó ọlọ́dẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi rọ́bà sí ìdí ìbọn wọn, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ojo.

Bàbá tún ní òun gbé ìbọn ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún, kí ni ìbọn ọ̀yà fẹ́ fi òun ṣe? Ọ̀pọ̀ ṣójà ni ó ń rò bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí a ń pè ní 12-bore máa ń ta ènìyàn nípàá ní ìlọ́po méjì ìpàá AK-47, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta tí ń lọ síwájú ni ó ń ti ìbọn bọ̀ sẹ́yìn. Bí ọta bá ṣe wúwo tó, tí ìbọn sì fúyẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpàá yóò ṣe le tó. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń yọ̀ pé ìbọn òun kò wúwo lọ́wọ́ rántí pé èjìká ni yóò san owó rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ìyá yìí fa ọkọ rẹ̀ wá kì í tilẹ̀ ṣe apá dúdú. Nígbà tí bàbá jáde lọ wọn ìwọ̀n ara rẹ̀, ó wí fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, láti ìgbà tí èjìká ti ń dun ún, ọkọ òun ti ń di ojú kí ó tó yìnbọn, ara rẹ̀ a sì gbọ̀n pẹ́pẹ́. Ní Sátidé tí ó kọjá, ọta wẹ́wẹ́ wọ ilẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mélòó kan sí ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ wọn tí ó tẹ̀ lé e lọ sí oko. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ rí i pé èjìká tí ń bẹ̀rù ìbọn kì í ṣe ewu fún ẹni tí ó ni ín nìkan. Kí ọmọdé má sì tẹ̀ lé oníbọn lọ sí oko rárá, mo sọ èyí fún wọn gidigidi.

Ó dára, báwo ni a ó ṣe yan tìmùtìmù yìí? Ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe ná. Kò lè pa ìpàá ìbọn run. Ó ń mú un pẹ́ díẹ̀ kí ó tó wọ ara, ó sì ń tẹ́ ẹ sórí ara púpọ̀ kí ó má baà gún ojú kan. Ẹni tí ó fò láti orí àga sórí yanrìn etí òkun Badagry, àti ẹni tí ó fò sórí sìmẹ́ǹtì, ibì kan náà ni wọ́n ti fò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Táyà mọ́tò, sìmẹ́ǹtì ni. Rọ́bà tí ó dára ni èyí tí àtàǹpàkò lè tẹ̀ wọnú díẹ̀, tí yóò sì padà sípò rẹ̀. Èyí tí ó rọ̀ jù bíi fóòmù ìrọ̀rí kò dára, nítorí pé ìbọn yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, igi yóò sì kan eegun. Oòrùn a máa mú kí rọ́bà gan, kí ó sì sán. Nítorí náà, ẹ tún un tẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n rírọ̀ kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Gígùn ni, ibẹ̀ sì ni bàbá ti ṣìnà. Láti irin tí ìka ń fà títí dé ìdí, ọ̀pọ̀ ìbọn tí a ń kó wá láti òkè òkun jẹ́ nǹkan bí ínṣì 14. Bí a bá lẹ nǹkan tí ó nípọn tó ínṣì kan mọ́ ọn láìgé igi, ìbọn ti gùn ju apá ènìyàn kúkúrú lọ. Ìdí rẹ̀ kò ní lè jókòó sínú kòtò tí ó wà nísàlẹ̀ eegun ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà. Yóò yọ̀ bọ́ sórí eegun apá, níbi tí ẹran kò ti pọ̀. Tìmùtìmù tí ó nípọn jù lè burú ju àìní rárá lọ.

Kí ẹ yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, kí ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tó dán èyí wò. Ẹ wọ ẹ̀wù tí ẹ ń wọ̀ lọ sí oko, ẹ gbé ìbọn sí èjìká, ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ẹ sì dojú kọ ibi tí kò sí ènìyàn. Àlàfo ìka méjì sí mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà láàárín imú àti àtàǹpàkò. Bí imú bá fẹ́ kan àtàǹpàkò, ìbọn kúrú. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, tí ẹ sì ń na ọrùn, ó gùn. Èyí tí a ń kì bọ ìdí ìbọn bí ìbọ̀sẹ̀ wúlò fún ìbọn tí ó kúrú. Tí ó bá ti gùn tó, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tí ó ní àṣẹ gé igi kúrò ní ìwọ̀n tí rọ́bà fẹ́ fi kún un. Kí orí rọ́bà náà máa dán díẹ̀, kí ó má baà kọ́ ẹ̀wù nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kí igun rẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣe roboto, pàápàá fún obìnrin, kí ó má baà gún ọmú.

Ẹni tí ó ti farapa ńkọ́? Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná wọ́ ọ ní àkókò yìí, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ń pè síta. Ẹ fi gèlè gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Bí ìka bá ń kú tàbí tí ó ń ta yínrinyínrin, bí apá kò bá lè gòkè, bí eegun bá yọ gogo tàbí tí mímí ń nira, ilé ìwòsàn ni ó yá. Eegun kékeré iwájú èjìká lè sán lára ẹni tí ń yìnbọn léraléra, ìrora rẹ̀ a sì máa jọ ti iṣan lásán. Ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí àyà rẹ̀ nítorí ọkàn, kí ó bi dọ́kítà rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ìbọn. Ìrora apá òsì tí ó bá òógùn tútù wá kì í ṣe ẹjọ́ ìbọn o. Ẹ má jókòó sílé.

A ya fọ́tò eegun bàbá, kò sán. Mo ní kí ó fi ìbọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ ni ó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú mi. Nígbà tí ó padà wá, ó ti yọ táyà, ó ti ra rọ́bà tí ó bá a mu, apá rẹ̀ sì ń gòkè dáadáa. Mo ní, "Bàbá, etí yín ńkọ́?"

Ó ní, "Kí lẹ wí?"

Tìmùtìmù kò ran etí lọ́wọ́. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ní Kírìjì, ìró kan ṣoṣo nínú irú rẹ̀ sì tó láti ba etí jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, mo fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.