Kíkéré Drone Kò Sọ Ọ́ Di Ohun Ìṣeré
Sí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kwali àti agbègbè rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa, pàápàá lẹ́nu àwọn tó ń ya fídíò níbi ìgbéyàwó àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi drone ṣe fàájì lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní drone tí kò bá tó giramu 250, ohun ìṣeré ni, kò nílò ìwé àṣẹ. Wọ́n á tún fi kún un pé Kwali kì í ṣe Maitama láàárín ìlú Abuja, pé oko ló yí wa ká, ta ni drone fẹ́ dí lọ́wọ́? Irọ́ ni ti àkọ́kọ́, irọ́ ni ti ìkejì.

Níbo ni 250 yẹn ti wá? Òfin Amẹ́ríkà ni. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń fi irú drone kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe fàájì kò ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ibẹ̀ ni àǹfààní náà parí sí. Kò gbọ́dọ̀ gbé e ga ju ẹsẹ̀ bàtà 400 lọ, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kúrò níbi tí ojú ti lè tó o, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e wọ sàkáání pápákọ̀ òfuurufú láìgba àṣẹ. Ní Bíríténì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, drone tó bá ti tó giramu 100, ẹni tó fẹ́ gbé e sókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege ìdánwò. Àwọn èèyàn wa gbọ́ ìdajì òfin ẹlẹ́ni lórí YouTube, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin Kwali.

Òfin tiwa wà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àjọ NCAA, tó ń mójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, kéde pé iléeṣẹ́ ìjọba kankan, àjọ kankan tàbí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé drone sókè, nítorí ohun yòówù kó jẹ́, láìgba àṣẹ NCAA àti ti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé drone wọ̀lú pàápàá nílò ìwé láti ọ́fíìsì kan náà. Ìdí nìyẹn táwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń gbẹ́sẹ̀ lé drone ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó.

Ẹni tó bá sọ pé drone kékeré kò lè pa nǹkan kan lára, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Iná ńlá ń jó Palisades ní Los Angeles. Ọkùnrin kan lọ sórí ilé ìgbọ́kọ̀sí ní Santa Monica, ìlú tó wà létí òkun nítòsí ibẹ̀, ó rán drone rẹ̀ lọ wo iná. Ó fẹ́ wòran ni, kò ní ẹnikẹ́ni sínú. Drone náà rìn tó mítà 2,500, kò rí i mọ́, ó sì lọ gbá ọkọ̀ òfuurufú tí Quebec fi ránṣẹ́ láti wá bá wọn paná. Ó dá ihò sí apá ọkọ̀ náà. Ọlọ́run ló yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, àmọ́ ọjọ́ mélòó kan ni kò fi lè ṣiṣẹ́, nígbà tí ilé ń jó lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin náà gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi. Ìṣeré wo ló kù ńbẹ̀?

Ẹ wá wo Kwali tí wọ́n ń pè ní oko. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe, ti Abuja, la wà, apá ibẹ̀ sì ni ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń sá lórí rẹ̀ kọ ẹnu kan sí. Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n tì ní oṣù Kẹta ọdún 2017 láti tún un ṣe. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Kaduna ni wọ́n darí ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ ní Abuja sí; ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀nà yẹn bá dí. Ní Sheda, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí kan náà, ni ibùdó ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ SHESTCO wà, ibẹ̀ náà sì ni ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ núkílíà orílẹ̀-èdè yìí wà. Sójà tó bá rí drone lókè irú ibẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọmọ tó ń ṣeré ló ni ín. Ìdí tó fi máa fura kò jìnnà: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn agbésùnmọ̀mí fi drone ju bọ́ǹbù sí ibùdó ológun ní Wajiroko, ní Borno. Kò pẹ́ sígbà náà táwọn ológun fòfin de lílo drone láìgbàṣẹ jákèjádò Àríwá Ìlà Oòrùn.

Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, pé ìwé àṣẹ náà ṣòroó gbà, pé ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Òótọ́ lẹ sọ, ó sì ń bí èmi náà nínú. Ó yẹ kí NCAA là ọ̀nà tó rọrùn, tí kò gbówó lórí, fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi drone kékeré ṣe fàájì ní pápá tí wọ́n bá yàn. Ẹ jẹ́ ká pawọ́ pọ̀ kọ̀wé béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó le kò tíì di òfin tí kò sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ tó sanwó fún ayàwòrán, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ drone rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá ní in, kó fi drone sílé, kó gbé kámẹ́rà ọwọ́ wá.