Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìsanra, òkèlè mélòó ni Ìjẹ̀ṣà yóò bù?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, tí ìyàwó Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, Olóògbé Stella Ọbásanjọ́, kú ní Spain lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá ikùn. Lọ́dún 2009, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ ju dókítà tó ṣe é sẹ́wọ̀n ọdún kan, wọ́n ní àìbìkítà rẹ̀ ló fa ikú náà.

Èyí tí a ń sọ lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Fífa ọ̀rá kò kan bí èèyàn ṣe ń jẹun, gígé àpòlúkù ló kàn án. Nínú irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láyé báyìí, àwọn dókítà a máa gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù, ìyókù a wá rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Nínú irú kejì, àpò tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ.

Ọmọ Iléṣà nìkan ló lè mọ bí èyí ti le tó. Ìjẹ̀ṣà àti iyán! A kì í rún iyán lẹ́nu, ńṣe ni à ń gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, àpòlúkù kékeré yìí ń fẹ́ kí a rún oúnjẹ títí yóò fi kúnná. Oúnjẹ tó ń fà, bí iyán àti búrẹ́dì rírọ̀, lè há, kí ìrora àti èébì sì tẹ̀lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun mímu nìkan ni, lẹ́yìn náà ohun tí a lọ̀, kó tó wá kan oúnjẹ líle, ṣíbí mélòó kan péré. Ẹja, ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín ni a ó kọ́kọ́ jẹ, torí ara ń fẹ́ èròjà purotéènì tó tó gíráàmù 60, ó kéré tán, lójúmọ́. Omi náà kì í bá oúnjẹ rìn mọ́: ó di nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tó jẹ́ pé omi la fi ń ti òkèlè! Ọtí ẹlẹ́rìndòdò lè mú kí òógùn bo ẹni tó ṣe irú kejì, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì.

Ẹ wá wo òde ìnáwó ní Òṣogbo. Àwo tí kò kún, àbùkù olóde ni. Ìyá á ní, “Ọmọ mi, o ò mà jẹun, ṣé kò sí o?” Ẹni náà á fi ìtìjú bù sí i. Àpòlúkù tí a gé sì lè fẹ̀ padà. Ẹni tó ń jẹ kéèkì díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lè tún sanra padà.

Ẹ̀rù tó bà wá jù ni ti àwọn tó ń lọ ṣe é ní India tàbí Turkey. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ti délé, dókítà wọn sì wà lókè òkun. Fítámì àti áyọ́ọ̀nù tí wọn yóò máa lò, títí ayé ni, ẹ̀jẹ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò. Ilé-ìwòsàn ńlá wà ní Òṣogbo, Wesley Guild sì wà ní Iléṣà. Ìwé iṣẹ́ abẹ náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀.

Wesley Guild yìí náà ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1956. Ní Ìmèsí-Ilé ló ti ṣe káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọdé sí, kí ìyá lè tètè mọ̀ bí ọmọ bá ń rù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó gé àpòlúkù nílò lónìí.