Èdè Yorùbá àti Iṣẹ́ Mọ́ọ̀dù: Ó Yẹ Kí A Jí Gìrì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Orí òwe yìí ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi sọ lọ́dún yìí kà. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí a ń da irin tàbí ike yíyọ́ sínú rẹ̀ kí ó tó di ohun tí à ń lò nílé. Ẹlòmíràn lè bi mí pé, kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà? Mo ní ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹni tó bá ti Pópó Yemọja lọ sí Ọjà Ọba, kó wo ohun tí wọ́n pàtẹ: abọ́ ike, kẹ́ẹ̀gì, ìkòkò alumíníọ̀mù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò jẹ́ pé ihò tó jọ ọ́ ni ó kọ́kọ́ wà kí òun fúnra rẹ̀ tó wà. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ihò náà ni ó mọ iṣẹ́. Àwọn yòókù, wọ́n kàn ń da nǹkan sínú rẹ̀ ni.

Kì í ṣe òní ni ìmọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà dà jáde nínú ilẹ̀. Ó ti ju 500 ọdún lọ tí àwọn baba wa ti dà wọ́n. Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ orí náà lé amọ̀ lórí. Wọ́n tún fi amọ̀ bo ìda náà. Wọ́n wá fi iná sí i. Ìda yọ́ jáde, àyè tó fi sílẹ̀ sì di ilé fún idẹ. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà da ẹdan Ògbóni. Fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ amọ̀ náà kí iṣẹ́ tó jáde, ìdí nìyí tí ẹdan méjì kò fi lè jọra tán. Àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin náà mọ tiwọn. Wọ́n á dojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, wọ́n á wọ́n eérú sí i lára kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì tẹ́ amọ̀ tútù lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn tó ń da ìkòkò alumíníọ̀mù láyé òde òní. Àlòkù ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, agolo àti páànù ni wọ́n ń yọ́. Wọ́n á fi ìkòkò kan ṣe àwòṣe, wọ́n á ki yanrìn tútù mọ́ ọn nínú àti lóde, wọ́n á wá rọra yọ ọ́. Àlàfo tó kù láàrin yanrìn inú àti yanrìn òde ni ìkòkò tuntun. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù máa ń súnkì bó bá ti ń tutù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 1.3 nínú 100. Bí ẹnu àwòṣe bá fẹ̀ ní 300 mìlímítà, ti ọmọ rẹ̀ kò ní ju 296 lọ. Bí a bá tún fi ọmọ náà ṣe àwòṣe, ọmọ-ọmọ yóò di 292. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìkòkò òun pé ìwọ̀n gbọ́dọ̀ mú àwòṣe tó tóbi díẹ̀ ju ohun tó ń fẹ́ lọ.

Ohun kan náà gan-an ni ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ń ṣe pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní CAD. Yóò ya abọ́ tó fẹ́ ṣe. Yóò fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nítorí ike tí a fi ń ṣe abọ́ àti àga lè súnkì tó ìdá 1 sí 2.5 nínú 100. Yóò ya òkúta irin kan yí abọ́ náà ká, yóò sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó yọ abọ́ kúrò nínú irin náà. Ihò ló kù. Yóò yan ibi tí mọ́ọ̀dù yóò ti pín sí méjì. Yóò jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ ní dígírì kan tàbí méjì kí abọ́ lè yọ láìha. Yóò sì ṣí ọ̀nà fún ike láti wọlé àti fún afẹ́fẹ́ láti jáde. Èwo nínú èyí ni ẹni tó ń da ìkòkò nínú yanrìn kò mọ̀?

Síbẹ̀, àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọdé fi kọ́ tirẹ̀. Orí àgbà ni tirẹ̀ wà, kò sí ìwé tí a kọ ọ́ sí. Bí àgbà bá kú, ó kú pẹ̀lú rẹ̀. Òkè òkun ni a sì ti ń kó púpọ̀ nínú mọ́ọ̀dù tí àwọn ilé iṣẹ́ ike wa ń lò wá.

Àwọn kan yóò ní èdè wa kò lè gbé irú ìmọ̀ báyìí. Irọ́ ni. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀ títí di òní. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ó fagi lé e. Bí a bá ń dúró de ìjọba, a ó pẹ́ níbẹ̀.

Àwa fúnra wa ni kó bẹ̀rẹ̀. Èkíní, kí ẹ̀ka wa jẹ́ kí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá máa lọ sí ìdí iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, kó má jẹ́ oríkì àti ìwé ìtàn àròsọ nìkan. Èkejì, kí a lọ bá àwọn tó ń da ìkòkò, kí a gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ kí a tó jókòó hun ọ̀rọ̀ tuntun. A ti ní “súnkì”. Ta ló mọ iye irú rẹ̀ tó wà nídìí yanrìn? Ẹ̀kẹta, kí àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà jọ ṣe ìwé kékeré kan tí ọmọ iṣẹ́ lè kà.

Bí a kò bá mọ orúkọ ihò tí ohun gbogbo ti ń jáde, ọjà lásán ni a ó máa rà títí ayé. Ẹ jẹ́ kí ọgbọ́n ọmọdé àti ti àgbà tún pàdé. Ire o.