Eyín Àwọn Ọmọ àti Àjàrà Kíkan

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwọn ọmọ tí yóò jókòó sí àga wa lọ́la: eyín wọn.

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní òwe kan tí ó di ẹ̀bi eyín ọmọ ru baba tí ó jẹ àjàrà kíkan. Ó wà nínú Jeremáyà orí 31 àti Esekíẹ́lì orí 18. Ọlọ́run sì kọ òwe náà. Síbẹ̀, bí eyín ọmọ ọdún 3 bá ń pọ́n, tí ó sì ń rún, a ṣì máa ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀: a ní ìyá rẹ̀ ni ó ń fún un ní súìtì, tàbí pé ọwọ́ ayé ni.

Súìtì ń ba eyín jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín tí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ó tètè ń bàjẹ́. Awọ funfun tí ó bo eyín yìí ni ohun tí ó le jùlọ nínú ara ènìyàn. Bí ó bá sì ti bàjẹ́, ara kì í hù ú padà. Láti inú oyún ni ti eyín ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àìjẹunre-kánú, ibà líle, àìpé oṣù ọmọ, tàbí àrùn àjogúnbá lè sọ ọ́ di aláìlágbára. Èéyí pàápàá lè ba ti eyín àgbà jẹ́ kí ó tó hù. Nígbà mìíràn, dókítà gan-an kì í rí ìdí kan pàtó.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wa. Bí aláboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 bá lo tetracycline, oògùn náà lè wọ inú eyín tí ó ń dàgbà, kí ó sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà títí. Ẹ má ṣe ra oògùn orí àtẹ fún ọmọ, ìbáà ṣe ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn. Kí aláboyún tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyí ní oṣù 9 àti oṣù 15. Wàrà, ẹ̀wà àti ẹyin kò ṣọ̀wọ́n ní Òkè-Ògùn. Ẹ fún wọn jẹ.

Ẹ má sì ṣe sọ pé eyín ọmọdé yóò ṣáà ká. Ọmọ tí eyín ń dùn kò lè jẹun, kò sì lè kàwé. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa pe dókítà eyín lọ́dọọdún wá sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó yí wa ká.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí eyín àwọn ọmọ wa kan nítorí àìbìkítà wa. Àmín.