Ọmọ-Ogun tí a fi Owó Ilé-Ìwé Rántí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan sọ pé ère òkúta ni ó yẹ ọmọ-ogun tí ó kú sí ojú ìjà. Ère dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe ní ilẹ̀ New Zealand ní ìrántí Moana-Nui-a-Kiwa Ngarimu, ọmọ Màórì, wù mí ju ère lọ.

Òfin kò fi ipá mú Màórì wọ ogun nígbà náà. Fúnra wọn ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1943, ní etí aṣálẹ̀ ilẹ̀ Tùnísíà, Ngarimu, ẹni ọdún 23, ṣíwájú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ gun òkè kan tí àwọn ará Jámánì ń ṣọ́. Hikurangi ni àwọn Màórì pe òkè náà, orúkọ òkè ìlú wọn. Ọta bà á ní èjìká, ọgbẹ́ mìíràn tún dé sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó padà, ó kọ̀. Ní òru, bí ọ̀tá ti ń rọ́ lù wọ́n léraléra, ó ń yìnbọn, ó sì ń sọ òkúta. Ẹ gbọ́ ná: òkúta! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kú lórí ìdúró, ó kọjú sí ọ̀tá. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ará Jámánì orí òkè náà túúbá.

Ní oṣù kẹwàá, gómìnà àgbà fi àmì-ẹ̀yẹ Victoria Cross lé àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ ní Ruatoria. Ọlá ńlá ni, ṣùgbọ́n idẹ kì í fọhùn. Ní ọdún 1945, òfin kan dá owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ Ngarimu àti ẹgbẹ́ ọmọ-ogun rẹ̀, èyí tí ènìyàn 649 nínú rẹ̀ bá ogun lọ. Àwọn ọmọ Màórì ń fi owó náà kàwé títí di òní.

Ẹnìkan lè wí pé ọmọ lè gba owó kí ó má mọ òkè. Òótọ́ ni, iṣẹ́ tíṣà sì nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Gáná, Gáḿbíà àti Sierra Leone, àti àwa ọmọ Nàìjíríà, àwọn ènìyàn tiwa náà kú nínú ogun yẹn ní Bọ́mà. A kọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn sí ara òpó òkúta ní Taukkyan, ibi tí ó jìnnà sí ilé ìyá wọn. Bí ó bá ṣe tèmi ni, a ó máa mú orúkọ kan níbẹ̀ ní ọdọọdún, a ó fi san owó ilé-ìwé ọmọ kan ní abúlé tí olúwarẹ̀ ti wá, tíṣà yóò sì sọ ìtàn rẹ̀ fún kíláàsì kí wọ́n tó ṣí ìwé ìṣirò.